Òwú Tí Mo Gbé Lọ sí Ìlọrin

Bọ́láńlé ọmọ ọmọ mi ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu mi ló ti ń jáde. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà tí mo gbà lọ, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, àkùkọ ìkíní la fi ń jí rìnrìn àjò ní Kàbà. Ayé ìsinsìnyí kọ́. Nítorí àwọn ajínigbé, inú ọkọ̀ ni èmi àti Bọ́láńlé jókòó sí ní ibùdókọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Làsísì, ọmọ Ìsánlú tó ń wa ọkọ̀ náà, ń nu gíláàsì. Ó rí àpò tí mo gbé lé itan. Ó tóbi bí ọmọ ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ ni kò wúwo rárá.

"Màmá, kí lẹ dì síbẹ̀?"

"Òwú ni."

"Òwú kẹ̀! Ìlọrin tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì lẹ ń gbé òwú lọ? Ẹ ò kúkú pọn omi lọ sódò."

"Wa ọkọ̀ rẹ jàre."

N kò sọ ohun tí òwú náà wà fún. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Ọdún kejì rèé tí àìsàn jẹjẹrẹ mú mi lọ́mú òsì. Wọ́n gé e kúrò pátápátá, wọ́n sì fi iná ẹ̀rọ jó ibẹ̀ kí àìsàn náà má baà padà. Mo dúpẹ́, ara mi yá. Ṣùgbọ́n Bọ́láńlé ń lọ ilé ọkọ lẹ́yìn ìkórè iṣu. Ní ìdílé tiwa, lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin bá ń lọ, ìyá rẹ̀ á di ọmú ara rẹ̀ méjèèjì mú, á fi súre fún un. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni Bọ́láńlé nígbà tí ìyá rẹ̀, ọmọ mi, kú. Èmi ni mo gbé e pọ̀n. Bó bá ń ké, ọmú òsì mi tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀ ni mo máa ń fi sí i lẹ́nu, á sì dákẹ́. Ọmú yẹn gan-an ni wọ́n gé. Kí ni màá wá di mú? Ṣé ìdajì ìre ni n ó sú fún ọmọ tí kò níyàá?

Nígbà tí mo gbọ́ pé dókítà kan wà ní Ìlọrin tó ń tún ọmú ṣe, pé wọ́n ń ki nǹkan rírọ̀ sínú rẹ̀, mo wọ oko lọ. Mo ká òwú, mo yọ kóró rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo fi okùn ọrun ta á títí ó fi rọ̀ bí ìfófò. Mo ní bí wọ́n bá máa ki nǹkan sí mi lára, kó jẹ́ èyí tí mo mọ oko rẹ̀.

A kọjá Ìyàrá, a kọjá Mọ̀pà. Ní Ẹ̀gbẹ̀ a jẹ iṣu sísun pẹ̀lú epo, ẹgbẹ̀rún náírà fún àwa méjèèjì. Kájú sísun, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fún ọ̀rá kékeré, bẹ́ẹ̀ nílé a ń fi í fún ọmọdé lásán. Láti ibẹ̀ lọ, kòtò pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Gbogbo bí ọkọ̀ ṣe ń fò, mo di àpò mi mọ́ra bí ọmọ.

Ní ẹnu géètì ọsibítù, mo kí ẹ̀ṣọ́: "Okun o." Ó kàn ń wò mí ni. Lọ́dọ̀ wa, òun la fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òun la fi ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá ló dáhùn, "Okun o, Màmá!" Ọmọ Mọ̀pà ni. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Obìnrin ni dókítà náà, kò tíì dàgbà púpọ̀, ó lo awò ojú. Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó jókòó.

"Màmá, ọ̀nà méjì ló wà. Rọ́bà kan wà tó rọ̀, sílíkóònù la ń pè é. Ṣùgbọ́n awọ ibẹ̀ tí iná ẹ̀rọ ti jó ti le. Ó lè ya. Èkejì ni pé ká gé ẹran díẹ̀ láti ẹ̀yìn yín, ká yí i wá síwájú."

Ẹ̀yìn tí mo fi pọn ọmọ! Mo tú àpò mi. "Dókítà, mo gbé tèmi wá."

Nọ́ọ̀sì bo ẹnu. Dókítà fọwọ́ kan òwú náà. "Màmá, a kì í ki òwú sínú ara. Á kẹ̀."

"Mo fọ̀ ọ́!"

"Mo rí i. N kò rí òwú tó mọ́ báyìí rí."

Bí ẹ̀rín ṣe bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo béèrè ohun tó gbé mi wá gan-an. "Bí ẹ bá ṣe é tán, tí mo bá gbé ọwọ́ lé e, ṣé yóò mọ̀?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kò ní mọ̀, Màmá. Yóò jọ ọmú lójú, ṣùgbọ́n kò ní mọ ọwọ́ yín. Iṣẹ́ abẹ náà sì gùn jù fún ọjọ́ orí yín. Àmọ́ kò sóhun tó burú nínú pé kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe é, inú wọn sì dùn. Ẹ̀yin lẹ ni ara yín."

"Màmá," Bọ́láńlé ní, "ṣé nítorí tèmi ni?"

"Nítorí tìrẹ ni."

"N kò bẹ̀ yín."

"Ta ló ń dúró kí ọmọ bẹ òun?"

Mo ní kí dókítà jẹ́ kí n délé ná. Kí a tó lọ, ó kọ́ mi bí mo ṣe lè rán àpò kékeré tí n ó máa fi sínú kọ́mú, kí n ki òwú mi sí i, kí n fi ọkà bàbà díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kó lè wúwo. Gèlè tí mo máa ń ká sáyà tẹ́lẹ̀, bí a bá ti ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti gun ọrùn mi.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ Làsísì la tún bá padà. "Màmá, ẹ ò rí òwú yín tà?"

"Wọ́n ní ó ti dára jù."

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí a fi dé Kàbà. Mo ní kí Bọ́láńlé ti ilẹ̀kùn, kó kúnlẹ̀. Mo bọ́ bùbá. Mo fi ọwọ́ kan di ọmú ọ̀tún mú, mo tẹ́ ọwọ́ kejì pẹrẹsẹ sórí àpá. Apá kan ibẹ̀ ti kú, kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹran láàárín ọwọ́ mi àti ọkàn mi mọ́. Ó ń lù mí ní àtẹ́lẹwọ́, kì, kì, kì. Ó mọ ọwọ́ mi. Mo súre.

A ti fi fóònù sọ fún dókítà pé n kò ṣe é mọ́. Mo ti rán àpò òwú náà, òun ni mo ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tí Bọ́láńlé bá ń lọ, n ó bọ́ àpò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ó tún súre fún un lójú gbogbo ẹbí.

Ó ti dá ìwé kíkọ dúró báyìí, ó ń sunkún. Mo ní kó nu ojú rẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìre náà pé.