Adìẹ Díndín Lórí Òkè Àdúrà

Òórùn adìẹ díndín ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi nímú nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ òkè. Koríko tútù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìkùukùu wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n adìẹ ni mo máa ń rántí. Ìyá àwọn ọmọ mi ti dín in láàárọ̀ kùtù, ó da ata àti àlùbọ́sà bò ó, ó tò ó sórí ìrẹsì nínú kúlà ńlá kan, a sì gbé e gun òkè lọ bá àwọn èèyàn tí wọn ò tíì fẹnu kan omi láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Bódìjà la ń gbé nígbà náà, nínú fúláàtì kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn. Ọmọ méjì la ní. Obìnrin ni àkọ́bí, kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì ń wọ bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Dùgbẹ̀. Nígbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ kù sí dẹ̀dẹ̀, olùkọ́ àkọ́bí mi ní kí àwọn ọmọ máa dìde níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti máa lo họlidé wọn. Ọmọ kan ní òun ń lọ sí ìlú òyìnbó, níbi tí òkè ti ga tí yìnyín bò ó lórí. Ọmọ tèmi ò fẹ́ kí ojú ti òun. Ó dìde, ó ní àwa náà ń lọ sórí òkè. Ó wá délé, ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ti parí ètò: "Dádì, mo ti sọ fún wọn o. Òkè la ń lọ."

"Òkè wo?" ni ìyá rẹ̀ bi í. "Ṣé ilé gogoro Láyípo ò tó ẹ ni?"

"Wọ́n ti kó wa lọ síbẹ̀ nílé-ìwé, Mọ́mì. Àtẹ̀gùn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe òkè."

Mo ṣèlérí. Bàbá wo ni kò ní ṣèlérí? Mo pe òtẹ́ẹ̀lì kan nídìí òkè tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń gùn. Iye tí ọmọbìnrin tó gbé fóònù pè fún mi mú kí n bi í bóyá ṣe la máa sùn nínú yàrá náà tàbí a máa rà á lọ sílé. Kò rẹ́rìn-ín. Mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi kan ní ìlú wa, ní apá àríwá Ọ̀yọ́, níbi tí òkè ti yí gbogbo ilé ká. Ó ní òkè ò wọ́n àwọn, òrùlé ló wọ́n: ilé bàbá wa ti ń jò, a ó kàn máa fi abọ́ gbe òjò káàkiri ni.

Ibi tí mo ti ń ráhùn kiri ni mo ti kan awakọ̀ ilé-iṣẹ́ wa. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, Baṣọ̀run ló ń gbé, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. À ń lọ sí Challenge lọ́jọ́ náà láti gbọ́ ti ẹnu àwọn kan tí ilé wọn jóná. Mo sọ fún un pé mò ń wá ibì kan lórí òkè, ibi tó tutù, tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí mo lè kó ìyàwó àti ọmọ lọ fún ìwọ̀nba ọjọ́, tí kò ní gbọ́n àpò mi gbẹ. Ó wò mí nínú dígí ọkọ̀.

"Ọ̀gá, tìyàwó-tọmọ?"

"Gbogbo wa."

Ó mí kanlẹ̀. "Ibì kan ń bẹ lọ́nà Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní yàrá. Ohun tí agbára èèyàn bá ká ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀ẹ́ rí i, sà, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ara á ti fúyẹ́."

Ara á ti fúyẹ́! Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Mo gba nọ́mbà, mo pe ọkùnrin tó ń bójú tó yàrá. Mo béèrè bóyá omi wà, bóyá ẹ̀fọn pọ̀, bóyá àwọn ọmọdé á ríbi sáré. Ó ní omi wà, ẹ̀fọn ò pọ̀, ọmọdé sì ń wá dáadáa. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi tí mo ti fi ìbéèrè lé alága ìjọba ìbílẹ̀ kan dìde lórí àga rí, mi ò rántí béèrè ohun tí àwọn èèyàn ń lọ ṣe níbẹ̀. Awakọ̀ náà ò sì bi mí ohun tí mò ń wá lọ, nítorí láàárín àwọn tirẹ̀, wọn kì í bi ẹnì kan léèrè ẹrù tó ń gbé lọ sórí òkè. Ó kàn ń rọra bá mi ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Mo rò pé ó fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ òun dáadáa níwájú ọ̀gá àgbà ni.

A gbéra lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá àwọn ọmọ ti ra ẹ̀wù alápá péńpé mẹ́rin tó jọra lọ́jà Bódìjà, wọ́n ya igi àgbọn àti etí òkun sí i láyà. Mo wọ jígí dúdú. A gbé bọ́ọ̀lù, a gbé kúlà. Takisí tó gbé wa gba Mọ́níyà kọjá, ó já wa sílẹ̀ nídìí òkè, ó sì yí padà. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun dé ọrùn ẹsẹ̀ jáde sí wa. Ẹsẹ̀ lásán ló wà.

"Ẹ káàbọ̀ sílẹ̀ mímọ́," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín síbí."

Ìyàwó mi wò mí. "Dádì wọn, irú òtẹ́ẹ̀lì wo lèyí?"

Mi ò tíì fèsì tí àkọ́bí mi ti bọ́ bàtà, tó ti ń sáré gòkè, tó ń pariwo pé, "Òkè rè é! Òkè gidi!" Inú rẹ̀ dùn débi pé mi ò lè pè é padà. Bí a ṣe ń gòkè là ń rí wọn lábẹ́ igi: ẹni tó kúnlẹ̀, ẹni tó dojú bolẹ̀, obìnrin kan tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré wá pàdé wa. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé omi àdúrà yín," ló wí, ó gba kúlà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ìdérí rẹ̀ yẹ̀. Òórùn adìẹ bá afẹ́fẹ́ lọ. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí àpáta kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì rí i tí gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, tó padà wá sísàlẹ̀.

Lórí òkè, ìyá arúgbó kan ló ń ṣàkóso ibẹ̀. Ìyá Àdúrà ni wọ́n ń pè é. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, kí lẹ gbé wá?" Mo yanu. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi ni obìnrin kan jókòó sí, ọmọkùnrin rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ náà rọ wọ̀jọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá yìí, níwájú ẹsẹ̀ yẹn, pé họlidé la bá wá? Mo ní, "Ìyá, a... a wá..." Ó tán níbẹ̀. Ìyàwó mi tẹ orí mọ́lẹ̀ nítorí pé ojú ń tì í. Ìyá Àdúrà gbọ́wọ́ lé mi léjìká.

"Má sọ ọ́," ló wí. "Èyí tó bá tóbi ju ẹnu lọ, Olúwa gbọ́ ọ."

Àṣà ibẹ̀ ni pé, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìdílé kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi sáàárín, tí gbogbo òkè á kúnlẹ̀ yí i ká, tí wọ́n á gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ara wọn. Obìnrin tó gbé ọmọ sórí itan ló kàn lọ́jọ́ náà. Ẹja ló ń tà ní Ẹlẹ́yẹlé, létí omi. Ibà ló ṣe ọmọ rẹ̀ títí, nígbà tí ibà lọ, ẹsẹ̀ ò gbé e nílẹ̀ mọ́. Ó ti ń retí àyè yìí tipẹ́. Òun náà ló dìde.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba àyè mi," ló wí. "Èmi ṣì lè fẹnu sọ tèmi. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí, wọn ò tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Rárá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Wọ́n rò pé ọmọlúàbí ló ń ṣe mí, wọ́n sì túbọ̀ fà mí sáàárín. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ò jẹ́wọ́, mo sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, lórí òkúta wẹ́wẹ́, pẹ̀lú igi àgbọn láyà. Àdúrà sọ. Àwọn tí ebi ń pa ń fi ìwọ̀nba ohùn tó kù fún wọn ké lórí wa. "Olúwa, ohun tó ń lé ìdílé yìí, lé e padà!" Ọmọ mi ọkùnrin fà mí lápá. "Dádì, ta ló ń lé wa?"

Ìyá Àdúrà gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àkọ́bí mi. "Ẹnu ọmọdé mọ́. Ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ kí Olúwa ṣe fún yín?"

Ọmọ náà rò ó dáadáa. "Kí òjò má rọ̀ lọ́la, mà. Ká lè gbá bọ́ọ̀lù. Họlidé la wá ṣe."

Mo ti dúró níbi tí wọ́n ti ń ka ẹjọ́ ikú fún èèyàn rí. Kò dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá orí àpáta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Họlidé kí ni?" Ẹnì kan dá a lóhùn lẹ́yìn: "Ẹ ò ti gbóòórùn rẹ̀ látẹ̀ẹ̀kan?"

Ìyá Àdúrà yíjú sí mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn?"

"Kò sí, mà."

"Iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ yín?"

"Kò bọ́, mà."

"Ẹ̀yin tọkọtaya ò jà?"

Ìyàwó mi ló fèsì ìyẹn. "A ò tíì jà, mà. Ó di ilé."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan pòṣé, mi ò dá wọn lẹ́bi. Èmi ò lè wo ojú ẹnì kan ṣoṣo, ìyẹn obìnrin ẹlẹ́ja yẹn. Mo ń retí èébú rẹ̀. Ì bá tiẹ̀ bá mi lára mu. Ó kàn gbé ọmọ rẹ̀ mọ́yà dáadáa, ó di ojú.

"Olúwa," ló wí, "jẹ́ kí èmi náà rí ọjọ́ tí màá gun òkè tí mi ò ní bẹ̀ Ọ́ ní nǹkan kan. Kí n di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, kí wọ́n bi mí pé kí ni mo bá wá, kí n ní eré la wá ṣe."

Àmín tí wọ́n ṣe sí i, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Wọ́n dá àyè rẹ̀ padà fún un, àwa náà sún sẹ́yìn, a kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Nígbà tí agogo ìṣínu lù, ìyàwó mi ṣí kúlà, ó sì pín in títí tó fi kan ìsàlẹ̀. Itan adìẹ kan ló kan ọmọ obìnrin ẹlẹ́ja náà. Bàbá orí àpáta gba tirẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Ẹ kú họlidé."

Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Sánmà mọ́ kedere bí ẹni pé òkè ọ̀hún ò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ mi gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n gbé ọmọkùnrin yẹn jókòó sáàárín òkúta méjì, ó ń fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù, ó ń bú wọn pé wọn ò mọ̀ ọ́n gbá. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo sánmà, ojú tì mí. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n tọrọ lórí òkè náà, tiwa ni mo rí tó gbà.

Nígbà tí à ń lọ, obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá fẹ́ ẹja, ẹ wá sí Ẹlẹ́yẹlé." Èmi tí mi ò kúrò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni láìgba nọ́mbà fóònù rẹ̀, mi ò gba tirẹ̀. Ẹlẹ́yẹlé ò jìnnà sí Bódìjà. Iṣẹ́ ti gbé mi gba etí omi náà kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì máa ń tẹjú mọ́ títì níwájú bí ẹni pé èmi ni mò ń wakọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà rìn. Ẹ̀rù sì ń bà mí láti mọ̀.

Àkọ́bí mi ti di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì báyìí, Agbowó ló gba yàrá sí. Ó máa ń fi ìtàn náà pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín: bí Dádì òun ṣe kó àwọn lọ gbààwẹ̀ pẹ̀lú adìẹ. Ó rántí bọ́ọ̀lù. Ó rántí kúlà. Kò rántí obìnrin náà. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, ó fà mí lọ́wọ́ pé kí n bá òun àti àbúrò rẹ̀ gun òkè kan, eré lásán. Mo tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a dókè, tí wọ́n ń ya fọ́tò, mo bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ bàtà mi méjèèjì, mo dúró.

"Dádì, kí ló dé?" ló bi mí.

Mo ní òkúta ló wọ inú bàtà mi.