Mo ń wá orúkọ tuntun fún snake plant

Ìyá ọkọ mi gbé flower mi jù sínú snow láàárọ̀ yìí.

Mo rà á torí pé winter yìí ti sú mi, wọ́n sì ní kò nílò oòrùn púpọ̀.

Màmá bi ọmọ mi léèrè orúkọ flower náà. Ọmọ ní, "Snake plant, Grandma."

Kí n tó sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ewé rẹ̀ ti gan nínú snow lẹ́yìn ilé.

"Màmá, kò sí ejò nínú ẹ̀."

"Ìyàwó mi, orúkọ máa ń ro ọmọ. Ẹ ò lè pe nǹkan léjò, kẹ́ ẹ wá gbé e sí pálọ̀."

Mo lọ ra òmíràn.

Ó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi nínú mọ́tò níwájú ilé báyìí, heater ń ṣiṣẹ́. Dandan ni kó wọlé lónìí, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ.

Ayọ̀délé ni mo ń rò. Ṣé Màmá á lè ju Ayọ̀délé síta? Ẹ tètè dá sí i kí epo mọ́tò tó tán.