Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Túmọ̀ sí Ẹbí

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin kajú dojú kọ ojú irin ní Tchaourou. Wọ́n ti ń kó isu pamọ́ sínú ilé náà kí ó tó di ọ́fíìsì, bí oòrùn bá sì mú, òórùn isu ṣì máa ń jáde lára ògiri rẹ̀. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, n kò mọ̀ pé mo fẹ́ràn òórùn yẹn. Ìsinsìnyí tí mo ti kúrò ni mo mọ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí n óò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta isu lójú ọ̀nà láìní in lọ́kàn láti ra ohunkóhun.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì nígbà náà. Ẹgbẹ́ náà gbà mí fún oṣù mẹ́ta láti dán mi wò. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún yóò pinnu bóyá kí n dúró tàbí kí n máa lọ. Bí mo bá kí àgbà kan láàárọ̀, n óò máa rò ó títí di ọ̀sán bóyá mo kí i tó. Bí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín nínú yàrá kejì, n óò rò pé èmi ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mímọ̀ tí mo mọ̀ kò mú kí ó fúyẹ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ sístẹ̀mù. Kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́ta ń bọ̀ láti Cotonou: ọ̀kan fún ààrẹ ẹgbẹ́, ọ̀kan fún akọ̀wé, ìyá àgbà kan tí a ń pè ní tata, ọ̀kan fún bàbá tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù, tí a ń pè ní tonton. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Òǹtajà ní kí a sọ irú sístẹ̀mù tí òun yóò fi sínú wọn, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń jí, tó sì fi ń gbọ́ ohun tí a bá ní kó ṣe. Oríṣi méjì ló wà, wọ́n kọ ọ́ sára páálí ní Faransé: Familial àti Professionnel. A ti ní kọ̀ǹpútà ńlá kan nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ, tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ìyá ni gbogbo wa ń pè é. Òun ni yóò máa tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti Tchatchou dé Sanson, òun ni yóò sì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé kálukú, kí ó lè mọ ẹni tó yẹ kó ṣí ìwé wo.

Nígbà yẹn, kò sí ohun tí a kì í dìbò lé lórí. Àwọn àgbà wa ti gbé ayé ìgbà tí ẹnìkan ń pàṣẹ tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́, nítorí náà, láti ìgbà tí Renouveau, ìyẹn ìjọba tiwa-n-tiwa, ti dé, wọn kò fi ìbò ṣeré rárá. Wọ́n dìbò lórí àwọ̀ ọ̀dà ilẹ̀kùn. Wọ́n dìbò lórí ẹni tí yóò máa di kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbẹ́ mú. Ààrẹ wá ní kí n ṣàlàyé sístẹ̀mù méjèèjì fún ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì dìbò.

Mo kọ ojú-ìwé mẹ́rin ní Faransé. Mo ka ìlà àkọ́kọ́, ni àgbẹ̀ kan láti Sanson, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, bá gbé ọwọ́ sókè.

"Fi Nàgó sọ ọ́ fún wa. A kì í ṣe àwọn ará Paris."

Mo ní, "Familial, ó túmọ̀ sí ti ẹbí. Professionnel, ó túmọ̀ sí ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá."

"Ti ẹbí?" Ààrẹ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kí wá ni àwa?"

"Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló ń fi òṣùwọ̀n rẹ́ wa jẹ," ni ará Sanson wí. "Ẹ má jẹ́ kí tiwọn wọ ibí."

Tonton ilé ìkẹ́rù fara ti àga. "Bon. Nínú ẹbí, ta ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìyá rẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, tonton," ni tata dáhùn. "Àná lẹ ti ilẹ̀kùn ìkẹ́rù mọ́ mi, tí mo dúró sínú oòrùn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ààrẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ojú-ìwé kẹta sì nìyẹn lọ́wọ́ mi, níbi tí mo kọ ọ́ sí pé Familial kò lè wọ abẹ́ Ìyá rárá, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Mo rí ìwé náà. Mo sì rí ojú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí: inú wọn dùn sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé, mo sì fẹ́ kí ìdùnnú náà pẹ́ díẹ̀ sí i. Kì í ṣe pé mo fẹ́ parọ́. Mo kàn ń dúró de ìgbà tí ẹ̀rín yóò rọlẹ̀, ìbò sì ti dé kí ó tó rọlẹ̀. Ọwọ́ márààrún ló lọ sókè fún ẹbí. Mo ká ìwé mi.

Nígbà tí a ń lọ sílé, tí àwa méjèèjì ń tọ ẹ̀gbẹ́ ojú irin, tata akọ̀wé bi mí pé, "Ojú-ìwé kẹta ńkọ́?"

"Ojú-ìwé wo, tata?"

"Èyí tí o fi àtàǹpàkò bò. Mo ti ń tẹ̀wé lórí ẹ̀rọ kí wọ́n tó bí ọ. Mo lè ka ìwé tó dorí kodò."

Mo sọ fún un. Mo ní Ìyá kò ní mọ ìkankan nínú àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kálukú yóò máa dá gbé, àwa yóò sì máa fi clé, ohun kékeré tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, kó ìwé láti orí èyí dé orí tọ̀hún títí ìwé kan yóò fi di mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu.

Ó rìn díẹ̀. "Ẹbí wo wá nìyẹn?"

N kò sùn dáadáa. Láàárọ̀, mo lọ bá ààrẹ nílé rẹ̀, níbi tó ti ń tẹ́ kajú sínú oòrùn. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ fún òun nìkan, yóò kàn tẹ òǹtajà láago, ọ̀rọ̀ á sì parí láìsí ìtìjú. Ó gbọ́ mi tán, kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"A ti dìbò," ó ní. "Bí mo bá yí ìbò padà lónìí nítorí pé mo mọ ohun tí àwọn yòókù kò mọ̀, lọ́la n óò yí i padà nítorí pé inú ń bí mi. Pè wọ́n jọ. Ohun tí o sọ fún mi yìí, lọ sọ ọ́ fún wọn."

Mo dúró níwájú wọn lọ́jọ́ Sátidé, láìsí ìwé lọ́wọ́. Mo ní, "Èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà láìdára. Familial kì í ṣe ti ẹbí bí àwa ṣe ń sọ ẹbí. Ti inú ilé ni, ti ẹni tó ra kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí yàrá kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa fi wo sinimá. Kò mọ̀ pé ìyá kan wà níbìkan. Professionnel ló mọ̀. Bí a bá fi í sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ Familial, aládùúgbò ni wọ́n."

Ará Sanson ní, "Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ti pèsè ìdáhùn mẹ́ta sílẹ̀. N kò rántí ìkankan. "Ẹ̀rù bà mí. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí síṣẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n tún ìbò dì, gbogbo wọn mú Professionnel. Tonton ilé ìkẹ́rù nìkan ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, tó ń wò mí, kí ó tó gbé e sókè.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n dìbò lórí èmi náà. Wọ́n ní kí n jáde. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń gbọ́ ohùn wọn láìgbọ́ ọ̀rọ̀, mo sì ti ń ro ohun tí n óò sọ fún ìyá mi nílé. Tonton ló jáde wá pè mí.

"Wọlé. Ọwọ́ mẹ́rin ló gbà ọ́."

"Ẹ ṣé, tonton."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ tèmi ni kò sókè."

Mo dìde lábẹ́ igi náà.

"Ẹni tó bá ti fi ojú-ìwé pamọ́ lẹ́ẹ̀kan," ó ní, "ó yẹ kí a ṣì máa wò ó. Ṣùgbọ́n ìbò ti wọlé, d'accord? Wá fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹ̀rọ yẹn. Ó ní n kò mọ orúkọ ara mi kọ."

Ọdún méjì ni mo lò níbẹ̀, òun ni mo sì bá ṣiṣẹ́ jù lọ. Bí mo bá ṣàlàyé ohun kan tán, tí àwọn yòókù ti ń gbé fìlà wọn, yóò dúró lórí àga rẹ̀, yóò ní, "Kí ló kù tí o kò tíì sọ?" Ìgbà púpọ̀ ni nǹkan kan máa ń kù. N óò sì tún jókòó, n óò sọ ọ́.