Àgbo Tí Tíṣà Sè fún Òdòdó

Èmi ni mo ra ewé tábà náà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu mi kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, nítorí àwọn ará àdúgbò wa ti ń sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, orí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbé gbogbo ẹ̀bi lé. Mùínátù lorúkọ mi. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí àdúgbò Fájuyì, ògiri kan ló sì pín ilé mi àti ilé Tíṣà níyà.

Monínúọlá ni orúkọ tí wọ́n sọ Tíṣà, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ nílé ìwé girama. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò rí ọmọ kọ́ mọ́, ó wá ń kọ́ òdòdó. Inú ike ọ̀dà tó ti ṣófo ló ń gbìn wọ́n sí, ó tò wọ́n láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná: rósì, oríṣiríṣi òdòdó tí n kò mọ orúkọ wọn, ata rodo àti ẹ̀fọ́ láàárín wọn. Bó o bá fọwọ́ kan ewé kan ṣeré, á bá ọ wí bí ẹni tó gbá ọmọ rẹ̀ létí. Lọ́dọọdún, bí Ìkórè ìjọ wọn bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òdòdó Tíṣà ni wọ́n máa ń tò síwájú pẹpẹ. Ó ń fi yangàn, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí sí i. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n èmi náà ti bá wọn ru ike òdòdó wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí.

Ọkọ rẹ̀ ni Bàbá Olúwọlé, Akínwálé, ọmọ Ìgbẹ́mọ, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà lókè òkun, nítorí náà àwọn méjèèjì ló kù fún ara wọn, ìjà ni wọ́n sì fi ń ṣeré láti àárọ̀ dalẹ́. Ní Àjíǹde tó kọjá, bàbá ṣubú ní balùwẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́. Láti ìgbà náà, bí ibà bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ara Tíṣà á máa gbọ̀n ju ti ẹni tí ibà ń ṣe lọ. Ó sọ fún mi lójú ògiri lọ́jọ́ kan pé, "Mùínátù, bí ọkùnrin yìí bá kú, ta ni mo fẹ́ máa bá jà?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ti fi ń bá ibà jà tipẹ́tipẹ́ ni dóńgóyárò. Ìkòkò ńlá kan ló máa ń sè ní gbogbo Sátidé. Tó bá ti tutù, á sẹ́ ẹ, á dà á sí kẹ́ẹ̀gì méjì. Funfun wà nínú ilé ìdáná, ti ibà nìyẹn. Yẹ́lò wà lójú fèrèsé lẹ́yìn ilé, ti òdòdó nìyẹn. Nígbà tó bá fẹ́ fọ́n ọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń po ọṣẹ dúdú díẹ̀ mọ́ ọn nínú ike ìfọ́nmi rẹ̀. Bí ti funfun bá tán kí Sátidé tó kò, inú yẹ́lò ni wọ́n ti ń bù ú mu, èmi pàápàá ti bu níbẹ̀ fún Nafeesah ọmọ mi. Ó ti tó ọdún méje tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Tíṣà a máa dápàárá pé òun àti òdòdó òun jọ ń mu nínú ife kan náà ni.

Bàbá nìkan ni kì í fẹ́ mu ún. "Ẹ máa mu ún lọ, ìwọ àti òdòdó rẹ," ló máa ń wí. "Èmi ò sí nínú ẹgbẹ́ yín."

Oṣù kọkànlá ni iná ewé dé. Èmi ni mo ń pè wọ́n ní iná ewé, nítorí bí iná orí gan-an ni wọ́n rí: kòkòrò wẹ́wẹ́, àwọn kan tútù bí ewé, àwọn kan dúdú, wọ́n á ṣù mọ́ abẹ́ ewé àti ọ̀mùnú, wọ́n á máa fa omi ara rẹ̀ mu títí ewé á fi ká kò. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo bá Tíṣà níwájú rósì rẹ̀, ojú rẹ̀ le. Ó fi èèrà hàn mí, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lára igi òdòdó.

"Wo àwọn ọ̀dàlẹ̀," ó ní. "Omi dídùn ń jáde nídìí àwọn kòkòrò yìí, èèrà sì ń lá a. Wọ́n ń sìn wọ́n bí Fúlàní ṣe ń sin màlúù ni. Ẹni tó bá fẹ́ pa kòkòrò, kó kọ́kọ́ lé ẹni tó ń ṣọ́ ọ."

Ó ránṣẹ́ sí Ìgbẹ́mọ, wọ́n fi eérú èèpo ìrẹsì ránṣẹ́ sí i, ó sì bù ú yí ìdí ike kọ̀ọ̀kan ká kí èèrà má baà gùn ún. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀ o." Atẹ́gùn sì fẹ́ ẹ sí Tíṣà lójú lóòótọ́, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ní àràárọ̀, á fi omi tó ń tú jáde lẹ́nu rọ́bà fọ abẹ́ ewé kí kòkòrò lè já bọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á fọ́n dóńgóyárò àti ọṣẹ. Àwọn kòkòrò roboto pupa kan wà tó ní tóótòòtó dúdú lẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyẹn ń jẹ iná ewé bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n níṣojú Tíṣà. Ó ní àwọn ni òṣìṣẹ́ òun tí kì í gba owó oṣù.

Bí ẹ bá bi mí, iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa. Kòkòrò ń dín kù, díẹ̀díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Ìkórè kò dúró de díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá, Tíṣà pè mí. Ó ní àwọn ìyá àwọn máa ń rẹ ewé tábà sómi fún irú kòkòrò yìí, pé bí mo bá ń lọ sí Ọjà Ọba, kí n bá òun ra díẹ̀ bọ̀. Mo ní ṣé kò léwu. Ó wò mí bí ìgbà tó ń wo ọmọ tó gba òdo. "Mùínátù, ewé ni. Ohun tí Ọlọ́un dá ni. Ṣé mo sọ pé kí o ra gámálíìnì, oògùn apakòkòrò, ni?"

Ọ̀dọ̀ Alhaji Àkíbù tó ń lọ aṣáà ni mo lọ. Ó di ewé náà fún mi nínú bébà, ó wá bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní òdòdó ni. Ó mú ọwọ́ kúrò lára bébà náà, àfi bí ẹni tó fẹ́ gbà á padà.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ó ní. "Àmọ́ bí ẹ bá ti rẹ ẹ́ sómi, ẹ gbé e jìnnà sí ulé o. Ẹni tó bá mu omi rẹ̀, ukú ló mu. Ẹ sọ fún ẹni tó rán yín."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó dùn mí láti sọ èyí: mi ò jẹ́ iṣẹ́ náà. Oníbàárà kan ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù, mo na bébà náà sí Tíṣà lórí ògiri, mo sáré lọ. Lọ́kàn mi, mo ní ta ni mí tí n ó máa kọ́ Tíṣà níṣẹ́ àgbẹ̀? Mo gbé ewé dé ilé, mo fi ìkìlọ̀ sílẹ̀ lọ́jà.

Tíṣà da ewé náà sínú kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò, lórí dóńgóyárò tó wà níbẹ̀. Ó rẹ ẹ́ mọ́jú, ó fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pè mí kí n wá wò ó. Iná ewé ti kú tán, wọ́n lẹ̀ mọ́ ewé bí ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ní ìdí gbogbo ike, àwọn kòkòrò pupa náà sùn gbalaja, ikùn wọn kọjú sókè, kò ku ẹyọ kan. Mo nàka sí wọn. Tíṣà fi ìgbálẹ̀ kó wọn jọ, ó ní Ìkórè ló ṣe pàtàkì. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Ìdajì omi náà ṣì wà nínú kẹ́ẹ̀gì lójú fèrèsé.

Lọ́jọ́ kẹta, ibà tún gbé bàbá dè. Tíṣà bu àgbo fún un, ó bẹ̀bẹ̀, ó bínú, bàbá kọ̀. Mo ń gbọ́ wọn láti ilé mi. Tíṣà ní, "Ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni, Bàbá Olúwọlé. Ẹ sọ fún mi kí n mọ̀." Ohùn rẹ̀ já. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí Tíṣà sunkún. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ìbínú, ó mu èyí tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì funfun tán fúnra rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti wo ibi tí wọ́n máa to òdòdó sí. Nígbà tó dé, mo gbọ́ tó pariwo orúkọ mi. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo sáré dé ojú ògiri. Ẹ̀rín ló kún ojú rẹ̀.

"Mùínátù, bá mi dúpẹ́! Bàbá ti mu àgbo! Mo wọlé, ó ní, 'Mo ti mu àgbo rẹ o. Ṣé inú rẹ dùn báyìí?' Ife kan gbáko!"

Mo bá a dúpẹ́. Mo pàtẹ́wọ́ pàápàá. Lẹ́yìn náà ni mo rí i lẹ́yìn rẹ̀: ife bàbá wà lójú fèrèsé ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò.

N kò mọ bí mo ṣe kọjá sọ́hùn-ún. Bàbá wà lórí àga rẹ̀, òógùn bò ó, itọ́ ń ṣe wàràwàrà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó bì. Òórùn aṣáà gba gbogbo yàrá. Èmi àti Tíṣà wo ojú ara wa. A gbé e sínú taksí, ó tún bì sí mi lára, orí rẹ̀ ń ṣubú sápá ọ̀tún àti sápá òsì.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin kan bi wá pé kí ló mu.

"Dóńgóyárò lásán ni," Tíṣà wí.

Dókítà ní, "Ṣé ibà ló ń ṣe wọ́n?"

"Ibà ni."

Nọ́ọ̀sì ti ń wá abẹ́rẹ́ ibà. Mo mọ ohun tó dí Tíṣà lẹ́nu. Nílùú yìí, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá mu nǹkan tó sì kú, kò sí ẹni tó máa dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ kòkòrò. Wọ́n á ní ó fún ọkọ rẹ̀ ní májèlé jẹ. Mo mọ ohun tó dí èmi náà lẹ́nu: ta ló ra ewé? Àyà bàbá ń lọ sókè sódò, ó ń falẹ̀ sí i. Bí èèyàn bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Àwa méjèèjì la jọ sọ òkò yìí.

Mo ní, "Tábà ni, dókítà. Omi ewé tábà ni wọ́n mu. Èmi ni mo rà á."

Dókítà kò bú mi. Ó kígbe pe àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n ti ibùsùn náà wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. A wà níta láti agogo mọ́kànlá títí oòrùn fi wọ̀. Tíṣà di ọwọ́ mi mú títí, kò fi í sílẹ̀.

Bàbá kò kú. Ọjọ́ kẹta ló tó lè sọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán. Tíṣà ní kí n má jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú ibùsùn, tòun tọjọ́ orí rẹ̀, ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: èèrà, tábà, kẹ́ẹ̀gì, irọ́ tó pa fún dókítà. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Bàbá na ọwọ́ sí wa kí a dìde.

"Mo mọ̀," ó ní. "Bó ṣe kan ahọ́n mi báyìí ni mo mọ̀ pé kì í ṣe dóńgóyárò lásán. Ọ̀nà ọ̀fun mi ń jó. Mo fẹ́ tu ú dànù. Mo wá rántí bó o ṣe sunkún lọ́jọ́ tó ṣíwájú. Mo ní bóyá nǹkan tó lágbára lo fi sí i nítorí mi. Ìwọ lo sè é, Monínú. Mo gbé e mì."

Wọ́n ti padà sílé láti ìgbà náà. Wọn ò to òdòdó kankan síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìkórè náà. Mo máa ń rí wọn láti ojú ògiri ní àràárọ̀: Tíṣà á gbé omi fún un, bàbá á gbà á, á gbé e sẹ́nu, á mu ún tán láìwo inú ife rárá. Tíṣà ni kì í lè wò ó. Á kọjú sí ògiri títí á fi gbọ́ tí bàbá gbé ife sílẹ̀.