Sírọ́ọ̀mù Àǹtí Bísí

Ẹ bá mi kí àwọn akọni wa tó ń gbé Johannesburg. N kò sọ ti ẹni tó kọ́lé, n kò sọ ti ẹni tó joyè. Ẹni tí mò ń yìn ni ẹni tí fóònù rẹ̀ dún, tó rí i pé ìyá òun ló ń pe òun lórí fídíò, tó kọ́kọ́ sáré da sírọ́ọ̀mù sí àtẹ́lẹwọ́, tó fi ra ojú títí ojú fi ń kọ mànà, kó tó gbé ìpè náà. Ẹ wo ìfẹ́ òbí! Ebi lè máa pa á, yàrá rẹ̀ lè tutù, ṣùgbọ́n ìyá kò gbọdọ̀ rí i ní gbígbẹ.

Sírọ́ọ̀mù tèmi yàtọ̀ sí ìyẹn. Ilé àyẹ̀wò kan ní àdúgbò Mayfair níbí ni mo ti ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì nínú ìgò tín-ín-rín, a ó fi í sínú ẹ̀rọ tó ń yí bí òòyì. Èyí tó dì yóò rọ̀ sísàlẹ̀, omi tó mọ́ yóò wà lókè. Omi yẹn ni sírọ́ọ̀mù. Inú rẹ̀ la ti ń mọ bí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ṣe ń ṣe sí. Èyí tí wọ́n fi ń ra ojú kò bá ẹ̀jẹ̀ tan rárá. Omi àti èròjà tí kì í jẹ́ kí awọ gbẹ ni. Wọ́n kàn ya orúkọ lọ́wọ́ àwa oníṣẹ́ ìlera kí owó rẹ̀ lè gbẹ́nu sókè. Yunifásítì ni mo ti kọ́ èyí. Ẹni tó ń ta ìpara lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò dé ibẹ̀, ó sì ń jẹun jù mí lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbé ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì dì sínú ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ sì ki bí ẹ̀kọ tútù. Sisi Thandi, ọ̀gá mi, ọmọ Súlù, bú sẹ́rìn-ín: "Eish! Ṣé takisí lẹ̀jẹ̀ ni, tó o fi ń lé e? Jẹ́ kó jókòó!"

Láàárọ̀ Sátidé kan, Àǹtí Bísí, tó ń ta wíìgì ní òpópónà tó kángun sí tiwa, wọlé. Dókítà ló ní kó wá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí èso ìyeyè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so rọ́bà mọ́ ọn lápá ni fóònù dún.

"Yéè! Màmá mi ni. Tú u, tú u!"

Ó yọ ìgò kékeré nínú báàgì, ó ra ojú, ó fi jígí dúdú bo ẹyinjú, ó gbé ìpè náà.

"Bísí! O mà ń dán o! Jígí dúdú nínú ilé ńkọ́?"

"Oòrùn ibí ló le, Màmá. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà."

"Ta ni aláṣọ funfun ẹ̀yìn rẹ yẹn?"

Àǹtí Bísí wò mí. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín owó wíìgì yìí, ìyàwó mi ń retí."

N kò níyàwó. Ìyá rẹ́rìn-ín: "Dín in fún un jàre, ọmọ wa ni."

Nígbà tó pa fóònù, ó bọ́ jígí, ó na apá. Mo mú fọ́ọ̀mù, mo bi í pé ta la lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

"Níbí yìí? Kò sí. Kọ ara rẹ."

Sírọ́ọ̀mù ara tó dá máa ń ní àwọ̀ koríko gbígbẹ. Tirẹ̀ rí bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Sisi Thandi wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ dókítà láago. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá Àǹtí Bísí dúró sí ọsibítù nítorí ẹ̀dọ̀.

Mo lọ wò ó. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

"Màmá ń pè, n kò gbé e," ló wí. "Bá mi ra ìgò sírọ́ọ̀mù mìíràn bọ̀."

"Àǹtí, bí nǹkan bá ṣe yín, ta ni yóò sọ fún wọn nílé? Èmi oníbàárà wíìgì?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. Lẹ́yìn náà ó pe ìyá rẹ̀, láìra ojú, láìsí jígí. Ìyá sún mọ́ fóònù tirẹ̀.

"Bísí, ojú rẹ nìyí?"

Wọ́n bọ́ sínú èdè Ìjẹ̀ṣà, n kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìbátan wọn kan tó ń gbé Roodepoort, tí Ìyá ti pè, fi gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo dìde fún un, mo bá tèmi lọ.

Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn yàrá mi ní Bruma ni fóònù dún. Ìyá mi ni, lórí fídíò. Ó ti pẹ́ tí èmi àti ẹnikẹ́ni ti jọ jẹun nínú yàrá yẹn. Mo jẹ́ kí fóònù máa dún. Mo kọ́kọ́ da sírọ́ọ̀mù sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi ra ojú ná, kí n tó gbé e.