Súlìyát, Ẹni Tó Ń Gbọ́ Ohùn Ẹran Ọ̀sìn

Ẹni tó bá ní irọ́ ni Súlìyát ń pa, kó wá bá mi níbí. Èmi tí mo ń dirun ní ìsọ̀ tó kángun sí tirẹ̀ ní Woliwo, nílẹ̀ Ìgbò níbí, mo fojú mi rí i. Aṣọ ló ń rán, ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ ẹnì kan bá kọ oúnjẹ, tàbí tí ológbò ń ké kiri, òun ni wọ́n ń pè. Á jókòó ti ẹran náà, á wò ó títí, á wá ní, "Ọmọ yín ló ń tẹ̀ ẹ́ nírù." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí.

Papa Obiageli, bàbá Ìgbò kan tó ń dá gbé lẹ́yìn ilé wa, ló ni Bíńgò. Ajá yẹn kì í jẹ́ ká sinmi, gbígbó ṣáá ni. Súlìyát ló sọ fún bàbá pé wọ́n ń so ó mọ́lẹ̀ jù. Láti ìgbà náà ni bàbá àti Bíńgò ti ń rìn lọ sí Omagba láràárọ̀, tí ara bàbá pàápàá wá ń yá gágá.

Àfi lọ́jọ́ burúkú Èṣù gbomi mu! Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ oníbàárà kún ìsọ̀, àkókò Àlàásárì sì fẹ́ kọjá. Súlìyát ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán ni Bíńgò já wọlé, tó ń ké, tó fi eyín fa hìjáàbù rẹ̀.

"Àsítàgáfúrúlàhí! Itọ́ ajá!"

Ó fi ìgbálẹ̀ lé e jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó pààrọ̀ aṣọ, ó tún àlùwàlá ṣe, ó kírun. Èmi náà ń gbọ́ igbe ajá níta, mo rò pé ebi ló ń pa á ni. Èmi ò kúkú gbọ́ èdè ajá.

Ìgbà tó ṣílẹ̀kùn ló tó tẹ̀ lé ajá náà dé ilé bàbá. Papa Obiageli ti ṣubú sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́. Áà, ikú dóró!

Ọmọ bàbá, Obiageli, sáré dé láti Umunya lọ́jọ́ kejì. Ó fa Bíńgò wá bá Súlìyát, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

"Nne, biko, ẹ jọ̀ọ́ ìyá mi, ẹ bá mi bi ajá yìí. Ṣé Papa ò rí ẹni ràn án lọ́wọ́ ni?"

Mo tẹ Súlìyát lẹ́sẹ̀ pé kó parọ́. Irọ́ kékeré, kí ló máa ṣe? Ó na ọwọ́ sí ajá, ajá sún sẹ́yìn. Omi bọ́ lójú Súlìyát.

"Ó ní òun wá pè mí. Ó ní mo lé òun."