Kọ̀ǹpútà Mi Ní Kò Sí Nǹkan Tó Ṣe Bantè

Alùpùpù ni wọ́n fi wá sọ fún mi ní ìlú Savalou lónìí pé ìlà tó so kọ̀ǹpútà wa ní ìlú Bantè mọ́ tiwa ti kú.
Bẹ́ẹ̀ èmi ni olùṣọ́ ìlà náà.

"Bàbá, ó di ọjọ́ mẹ́ta," ni oní-sémìjàn, ọlọ́kadà tó mú ìròyìn náà wá, wí.
Mo tọ́ka sí kọ̀ǹpútà mi. "Irọ́ ni. Wò ó, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe Bantè."
Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dé Bantè rí ni?"

Ó fún mi ní lẹ́tà Àdìjá, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà Bantè. Òun ló bẹ̀ wá nígbà kan pé kí a lo irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tó ń ṣọ́ ìlà, tí ẹnikẹ́ni lè tú inú rẹ̀ wò, kí a fi sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìpàdé: "Ta ló ń fi ajá tó rí he ṣọ́ ilé?" N kò tilẹ̀ dán an wò. Èyí olówó gọbọi tí mo yàn, Savalou nìkan ló ń wò.

Ohun tó kọ sínú lẹ́tà náà ni pé: "Bàbá, irinṣẹ́ yẹn ti sọ fún mi láti ọjọ́ Ajé pé ìlà ti kú. Ẹ ní n kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ sí yín mọ́, ni mo ṣe ń retí kí tiyín sọ."

Ojú tì mí.
Ọ̀la ni mò ń lọ Bantè. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ṣé kí n bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, àbí kí n pe ìpàdé, kí n bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn? Ẹ má wo ewú orí mi o, ẹ sọ òótọ́.